Páànù Orí Kànga

Èèyàn mélòó lẹ kà nínú ilé yín láàárọ̀ yìí? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà kì í kà tẹ́lẹ̀. Èèyàn méjì péré ló kù nínú ilé mi, èmi àti Kẹ́hìndé ọmọ ọmọ mi. Ta ni yóò máa ka méjì? Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Kẹ́hìndé ti Ìbàdàn dé, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ìyá, ta ni ẹni kẹta wa?"

Mo ní kò sí ẹni kẹta. Ó ní ó dáa, ó ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹni tó ń fàyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ojú wọn ṣe jẹ́. Ìbejì ni Kẹ́hìndé àti Táyé. Ní Igbó-Ọrà tiwa, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Èmi ni mo tọ́ wọn nígbà tí ìyá wọn kú. Wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Nígbà tó yá, wọn ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, iwájú nìkan ni, bí ẹni tó ń wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ihò yẹn ń kéré sí i lọ́dọọdún títí ó fi dí. Àwọn dókítà ní awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú ló ń kú díẹ̀díẹ̀, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, kò sí ẹni tó fà á. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ nígbà náà.

Wọn ò torí ẹ̀ ya ọ̀lẹ o. Láfún ni mo ń ṣe tà, àwọn méjèèjì ló ń bá mi bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Táyé tilẹ̀ fẹ́ ìyàwó, Rùkáyyàh, ọmọ ìlú Tápà tó wà nítòsí wa. Bí wọ́n bá ń lọ sí balùwẹ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá á kan páànù tó bo kànga, gbàn! Wọ́n á yà sọ́tùn-ún. Gbàn yẹn ni ojú wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn ń wá ẹni tí wọn yóò dán ojú tuntun wò lára rẹ̀. Dókítà obìnrin kan, Keturah, ló wá ṣàlàyé fún wa. Wọn yóò fi pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná ọmọ tuntun lọ sẹ́yìn ẹyinjú. Kámẹ́rà yóò wà lára jígí, bátìrì yóò wà ní ìbàdí. Ohun tí kámẹ́rà bá rí, pẹlẹbẹ yẹn yóò tàn án bí iná wínníwínní. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lè mú.

Táyé ní, "Kẹ́hìndé ni kó lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ wá wo ayé, kí òun náà lọ wo tiẹ̀."

"O wò ó, o wá ní ó dáa," Kẹ́hìndé dá a lóhùn. "Irọ́ lo pa fún mi."

"Bó o bá ti ń ríran, ojú mi ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o sọ fún Rùkáyyàh pé ọkọ rẹ̀ rẹwà."

"Ojú kan náà la ní, ìwọ òpè yìí. Ara mi ni màá máa yìn."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Kẹ́hìndé lò n'Íbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ Jímọ̀ kan tí oòrùn mú gan-an lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, Táyé já sínú kànga. Kí wọ́n tó fà á jáde, ó ti kú. Kànga ṣí sílẹ̀ gbayawu. Páànù rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n ti bá a, kò sì sẹ́ni tó bèèrè bó ṣe débẹ̀. Ohun tí wọ́n bèèrè ni ẹni tó pọnmi kẹ́yìn. Gbogbo ojúlé ní Rùkáyyàh ni. Ó búra pé òun bo kànga padà. Ta ló dá a lóhùn? Ọmọ mi ọkùnrin, Mùstàfá, àbúrò bàbá wọn, ló kó ẹrù rẹ̀ síta, ó ní kó máa lọ sí Tápà, tòun ti oyún oṣù márùn-ún nínú.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Nígbà tí Kẹ́hìndé dé, a ní Táyé ti lọ sí Èkó, pé ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Dókítà ní kí n máa kọ́ ọ ní ìríran bí ọmọdé. Mo tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, mo gbé àwo funfun lé e. Ó nawọ́, ó mú un. Mo sunkún ayọ̀. Mo gbé e síbòmíràn, ó tún nawọ́, ó wá dúró.

"Ìyá, ẹ sọ fún ẹni yẹn kó kúrò níwájú àwo."

Mo fọwọ́ ba bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tutù, omi wà lórí ẹ̀. Òjò ò sì rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbóòórùn ọwọ́ mi, òórùn ìsàlẹ̀ kànga ni.

Mo pe dókítà lórí fóònù. Ó wá lọ́jọ́rú, lọ́sàn-án gangan. Ó mú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan jáde, ó ní àwòrán méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀: lápá òsì, ohun tí kámẹ́rà ń wò, lápá ọ̀tún, iná tó ń tàn nínú ojú Kẹ́hìndé. A mú Kẹ́hìndé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Lápá òsì mo rí kànga, mo rí páànù àti òkúta tí mo fi tẹ̀ ẹ́, mo rí adìyẹ mi kan tó ń tan ilẹ̀. Lápá ọ̀tún, iná wínníwínní ya kànga, ó ya òkúta, ó ya èèyàn kan.

"Màmá," dókítà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ta ló dúró síbi kànga?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó pa kámẹ́rà. Apá òsì ṣókùnkùn. Apá ọ̀tún ò kú. Ẹni yẹn tẹ̀ ba, ó gbé nǹkan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sókè, ó gbé e dání bí ẹni gbé àwo oúnjẹ. Dókítà ní kí Kẹ́hìndé bọ́ jígí. Ó bọ́ ọ. Ó ní, "Mo ṣì ń rí i." Dókítà palẹ̀ mọ́ kíákíá. Ó ní òun máa sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Kò mu omi tí mo gbé fún un.

Nígbà tó lọ, Kẹ́hìndé pè mí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ìyá, Táyé ò sí l'Ékòó. Mo mọ bó ṣe ń rìn. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ló ń kà. Bó bá pé, á na ọ̀pá, kò sí gbàn. Á tún padà lọ kà á. Ó ń bi mí pé ta ló gbé ojú òun."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ní bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí n sọ̀kalẹ̀ wá bá òun, ká jọ wá a."

Láti ọjọ́ náà, kò jẹun mọ́. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo bá a níwájú kànga, ẹsẹ̀ kẹrìnlá gan-an, páànù ti kúrò lórí rẹ̀, òkúta sì wà nílẹ̀. Èmi ni mo fà á sẹ́yìn. Ó ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo mọ̀ pé èkejì náà ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ránṣẹ́ sí Tápà pé kí Rùkáyyàh wá.

Rùkáyyàh dé lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Kò tíì jókòó tí Mùstàfá fi dé.

"Apààyàn, kí lo tún wá wá?"

"Ẹ bi Ìyá. Ìyá ló ní kí n wá," Rùkáyyàh ní. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi tòun ti oyún. "Ìyá, mo bò ó. Mo tún gbọ́ tó dún nígbà tí mo gbé e lé e. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Kẹ́hìndé jáde síta, kò mú ọ̀pá, kò wọ jígí. Ó kà á síta, ení, èjì, títí dé ẹ̀rìnlá. Ó dúró. Páànù tí mo ti dá padà ò tún sí lórí kànga.

"Ó gbé páànù dání," ó ní. "Nǹkan funfun ń já bọ́ lára ẹ̀. Ó ń gbé e bọ̀." Mùstàfá yọwọ́ lápò. Kẹ́hìndé ń yí ojú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá Rùkáyyàh, ó kọjá bàbá rẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e lọ."

Òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ gba ẹ̀yìnkùlé kan, bẹ́ẹ̀ n kò rẹ ẹ̀gẹ́ láti oṣù kan. Nǹkan tútù kàn mí láyà, tẹ́ẹ́rẹ́, bí etí páànù. Mo wolẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun wà láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rin ín.

Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti mú kí láfún mi máa rùn. Oòrùn yọ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, gbogbo páànù tí mo fi ń sá a kún, ó wá ku agbọ̀n kan. Mo ní kò ní pẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ igbe, mo da láfún nù, mo gbé páànù ti ilé ìdáná, mo wá bá wọn sunkún.

"Mùstàfá, fi ìyàwó ọmọ mi sílẹ̀," ni mo wí. "Èmi ni mo gbé páànù kúrò lórí kànga lọ sá láfún. Èmi Ràbíátù, ìyá àgbà wọn."