Gẹrígẹrí àti Nọ́ọ̀sì Tó Di Orí Rẹ̀ Mú

Orí ló pa wọ́n pọ̀, orí gan-an, èyí tó wà lọ́rùn.

Gẹrígẹrí ni ọkùnrin náà, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun fáwọn èèyàn. Kókó kan yọ sí i lábẹ́ àgbọ̀n, ó sì wọnú lọ. Níbi tó kọ́kọ́ lọ, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n rí fà. Wọ́n ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí ẹ̀rọ ayàwòrán á ti fi ọ̀nà han abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì ló di orí rẹ̀ mú. Dókítà da nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ sí i lọ́rùn, ó ń fi ẹ̀rọ wá ibẹ̀ kiri.

"Ẹ má mi orí o, sà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń jẹun rèé," ni gẹrígẹrí dáhùn. "Àánú àwọn oníbàárà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣe mí."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí àwọn méjèèjì dákẹ́.

Lójú ẹ̀rọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ń lù kì-kì, kókó náà sì fara tì í pẹ́kípẹ́kí. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó hàn bí òwú funfun. Ó gba ẹ̀gbẹ́ iṣan kọjá, ó kan kókó. Ọkùnrin náà ò mira, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò nù ún.

"Ta ló ń dúró dè yín níta?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ó dáa. Ẹ jókòó dè mí. Mo máa tó ṣíwọ́."

Kí èsì tó jáde, wọ́n ti ń pe ara wọn lórí fóònù bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Èsì dé: jẹjẹrẹ ni. Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí ò gbé fóònù mọ́. Nọ́ọ̀sì wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá a níbi tó ti ń gbá irun nílẹ̀.

"Máa lọ, olólùfẹ́ mi. Mi ò fẹ́ kó o máa tọ́jú òkú."

"Ṣé òkú ló ń gbálẹ̀ báyìí?"

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, ìyá nọ́ọ̀sì ò gbà rárá. "Ìwọ tó o fojú ara ẹ rí inú ọrùn ẹ̀! Afọ́jú ló ń jìn sí kòtò, ìwọ lajú sílẹ̀ o fẹ́ bẹ́ sí i."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Màmá."

"Mo fẹ́ràn bàbá rẹ náà, síbẹ̀ mo di opó. Mi ò ní bá ọ débẹ̀."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní kóòtù, ìyá náà ò yọjú.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ, wọ́n tún fi ìtànṣán ẹ̀rọ jó jẹjẹrẹ tó ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ̀. Ara rẹ̀ mókun díẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Inú wọn dùn, àmọ́ ayọ̀ náà ò pẹ́. Kókó mìíràn yọ lápá kejì. Nígbà tí wọ́n padà sí yàrá ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì mìíràn ló di orí rẹ̀ mú. Ìyàwó fara ti ògiri. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó sì mọ̀ kí dókítà tó lanu.

Kò pẹ́ tí ohùn ọkọ fi di wúyẹ́wúyẹ́, oúnjẹ ò sì gba ọ̀nà ọ̀fun mọ́. Àfi bí ìyá ìyàwó ṣe dé pẹ̀lú báàgì aṣọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gba ife omi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Lọ sùn."

Ó ń fi ṣíbí bu omi sí àna rẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Má sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Gbé e mì."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ó ti rẹ̀ mí."

Látìgbà tí àìsàn ti dé, "gbìyànjú" ni ìyàwó máa ń sọ. Lọ́jọ́ yìí, ó gun orí ibùsùn, ó sùn tì í.

"Ó dáa, olówó orí mi. Sinmi."

Ó sinmi.

Ìyàwó ò sunkún. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ, ó ń to ife. Ìyá rẹ̀ gba ife náà, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Sunkún, ọmọ mi," ló wí. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, wọn ò jẹ́ kí èmi sun ẹkún tèmi tó."