Mìsítúrà àti Àpótí Tí Wọn Kì í Fọwọ́ Kàn

"Iná! Iná o! Mìsítúrà, jáde síta!"

Mummy ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí ojú rẹ̀ tó là tán. Ìró ló ró mọ́ àyà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu, báàgì tó ń kó páásípọ́ọ̀tù gbogbo ilé sí sì ti wà lábíyá rẹ̀. Ọsibítù ní Camberwell ló ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Oorun ọ̀sán ló ń sùn lọ́wọ́ tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu nínú pálọ̀ bí ológbò tí wọ́n tì mọ́ inú fìríìjì.

"Mummy, kì í ṣe iná," ni Mìsítúrà wí, ojú sì ń tì í. "Èmi ni. Orin ni mò ń kọ́."

Mummy wo àpótí kékeré tó wà lórí tábìlì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nà ró lápá ọ̀tún rẹ̀ bíi ti rédíò àtijọ́, òmíràn ká roboto lápá òsì bí etí ife.

"Orin wo? Ta ló kú?"

Tẹ́rẹ́mìnì ni wọ́n ń pe àpótí náà, ohun èlò orin tó ń lo iná mànàmáná ni, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án rárá. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá sún mọ́ irin gígùn, ohùn á lọ sókè. Bó bá jìnnà sí i, ohùn á wálẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń mú un ké kíkan tàbí kó dákẹ́. Ìdí nìyí tí Mìsítúrà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi sáré yàn án nígbà tí Miss Rosaline, olùkọ́ orin wọn, ní kí kálukú mú ohun tó máa fi ṣeré níbi àṣeyẹ orin ilé ìwé. Fèrè ń fẹ́ èémí, gìtá ń bó ìka. Èyí tí wọn kì í fọwọ́ kàn, iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀?

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o! Kò sí àmì kankan nínú afẹ́fẹ́ tó máa sọ pé ibí ni dò, ọ̀hún ni mí. Etí nìkan ló ń júwe ọ̀nà, etí Mìsítúrà kò sì mọ̀nà dé ibì kankan. Peckham ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ pàápàá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú títì, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó kúnlẹ̀ kí Alhaji Dáúdà ní mọ́ṣáláṣí, ó fẹ́ sọ pé òun ní ọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Alhaji, mo ní ọwọ̀ fún yín."

Alhaji wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. "Ọwọ̀ kẹ̀? Ibo lo fẹ́ kí n gbá?"

Láti ọ̀sán ọjọ́ tí Mummy pariwo iná, ara ògiri ló ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sí kíṣìnì, torí bó bá ti sún mọ́ àpótí náà, àpótí á figbe ta bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Miss Rosaline fi tẹ́rẹ́mìnì ṣe orin kúkúrú kan, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù Mìsítúrà. "Máa kùn ún sínú kí o tó gbé ọwọ́," ló wí. "Ohùn tí o kò bá kọ́kọ́ gbọ́ nínú orí rẹ, ọwọ́ rẹ kò lè rí i níta."

Mìsítúrà kò kùn ún. Ta ni yóò máa dá kùn bí oyin nínú bọ́ọ̀sì? Nígbà tí àṣeyẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì sọ fún Kánsọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Fam, wọn kì í fọwọ́ kàn án, àbí?" ni Kánsọ́lá dáhùn. "Ta ló máa wá mọ̀? Gbé sípíkà sẹ́yìn ẹ̀, kí fóònù máa kọ orin Miss, ìwọ sáà máa ju ọwọ́."

"Ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?"

"Irọ́ báwo? Ṣé o máa lanu ni?"

Lọ́jọ́ àṣeyẹ, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún. Mìsítúrà kò tan tẹ́rẹ́mìnì. Ó tẹ fóònù nínú àpò rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, orin aládùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àwọn èèyàn yanu. Bí wọ́n ṣe ń yanu ni orí Mìsítúrà ń wú: ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ó ń dijú, ó ń mi orí. Àṣejù náà dùn mọ́ ọn.

Mummy kò lè jókòó mọ́. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀, ó gun orí pèpéle lọ, ó sì gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra pinpin tó bẹ́ẹ̀ tí apá Mìsítúrà méjèèjì há sí i lára.

Orin kò dúró. Ó ń lọ rébété.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mummy wo apá ọmọ rẹ̀ tó dì mú, ó wo àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí kò figbe ta, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Mìsítúrà, ta ló ń kọrin?"

Bó ṣe béèrè tán ni orin parí. Ohùn Miss Rosaline tí Mìsítúrà gbàgbé láti gé kúrò sì bú jáde láti inú sípíkà: "Ṣé o gbọ́? Ó yá, Mìsítúrà, ó kan ìwọ náà. Gbìyànjú ẹ̀ wò."

Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Miss Rosaline nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sílé, Mummy kò bú u. Ìyẹn ló burú jù. Ó kàn ní, "Gbogbo wọ́ọ̀dù wa ni mo sọ fún pé ọmọ mi fẹ́ ṣeré." Mìsítúrà yíjú sí fèrèsé, ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bẹ Miss Rosaline. Olùkọ́ náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní, "Àwọn àgbàlagbà tó ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road ní kí a wá dá wọn lára yá lóṣù tó ń bọ̀. Ìwọ lo máa lọ. Fóònù rẹ á wà lọ́wọ́ mi."

Báyìí ni Mìsítúrà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó kùn nídìí àwo tó ń fọ̀, ó kùn ní ibùdó ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Mummy jókòó sí apá ọ̀hún pálọ̀, ó ní, "Pe ọwọ́. Ṣé o gbọ́ bó ṣe gòkè níparí? Pe ọwọ̀. Ó já wálẹ̀. Orin náà ni gbogbo ẹ̀." Mìsítúrà pè é, ó kùn ún, lẹ́yìn náà ló wá gbé ọwọ́. Àpótí náà bá ohùn rẹ̀ gòkè gẹ́lẹ́.

"Ó gbọ́ Yorùbá!" ni Mummy ké, ó sì fò dìde. Àpótí bá figbe ta.

Kò di ọ̀gá lọ́gán o. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tí ohùn bá lọ sókè jù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà, orin náà ṣìnà mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín méjì. Ó dáwọ́ dúró. Ó dijú, ó kùn ún sínú títí ó fi rí ohùn tó ń wá, ó sì bá orin lọ dé òpin. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Gbádégẹṣin, tó ti wa bọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì, ní kí òun náà gbìyànjú. Bí wọ́n ṣe na ọwọ́, àpótí hu.

"Kí ni mo fi ṣe é?" ni wọ́n béèrè, gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kọ́kọ́ kùn ún sínú ná, Bàbá. Ẹ rora sún ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ó lọ sókè jù. Ẹ dúró. Ibẹ̀ yẹn gan-an!"

Bó ṣe ń tọ́ bàbá náà sọ́nà ló yé e. Ká ní wọ́n bi í ní irú ìbéèrè yìí lọ́jọ́ àṣeyẹ, kò ní rí nǹkan kan sọ, nítorí iṣẹ́ Miss Rosaline ni wọ́n ń yìn lọ́jọ́ náà. Àtẹ́wọ́ ti òní kéré, àṣìṣe sì wà nínú orin, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ohun tí èèyàn bá fi èrú ṣe, kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Èyí tó bá fi sùúrù kọ́, ó di tirẹ̀ títí láé.