Ẹni Tí Yóò Jẹ́rìí sí Awọ Ọmọńlé

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, òjò rọ̀ ní ìdájí kùtùkùtù, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ó ti dá, ojú ọ̀run sì ṣú bí ojú ẹni tí ń ronú. Ọjọ́ náà kò ṣeé ṣì, nítorí pé afẹ́fẹ́ òjò yẹn gan-an ni ó fọ́ fèrèsé iyàrá òkè, ìdí nìyẹn tí a fi ránṣẹ́ pe onígíláàsì.

Onígíláàsì gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú gíláàsì tuntun lábẹ́ apá, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Obìnrin kan ni ó rí tí ó dúró lórí tábìlì láìwọ bàtà. Omi òjò ti rin aṣọ rẹ̀ ní ejìká kan. Ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ojú ẹni tí ó tajú kán rí ẹbí rẹ̀ lókèèrè.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni wọ́n ní kó wá—"

"Ẹ má mí!"

Onígíláàsì dá èémí dúró. Ó wo òkè àjà. Ọmọńlé kan ni ó wà níbẹ̀, kò sí ohun mìíràn.

"Ṣé kí n máa mí báyìí, mà? Ojú ti ń ṣú mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ọmọńlé sì sá wọ ihò.

"Ẹ ti lé e lọ."

"Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín, mà. Èmi ò tíì mí."

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kí ó máa wo àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń bá ènìyàn gbé inú ilé, kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé. Kò sí obìnrin tí ó ṣe irú rẹ̀ rí ní ìlú náà. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ọmọńlé, kì í sì í ṣe láti fi yìn ín. Ìwé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ohun kan péré ni ó kù. Gbogbo ènìyàn ni ó ti rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ti rí ti ọmọńlé he? Ó kọ ọ́ pé a kì í rí i nítorí pé ọmọńlé a máa jẹ awọ ara rẹ̀ bí ó ti ń bọ́ ọ. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyẹn kò tó. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí yóò tẹ ìwé náà ní òfin: ohun tí obìnrin bá sọ pé òun rí, ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun náà rí i.

Bàbá rẹ̀, akọ̀wé ilé ẹjọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, kò lè ṣe é, nítorí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Òun àti ọmọ rẹ̀ sì ti jọ ṣe àdéhùn. Bí ìwé náà kò bá rí ẹlẹ́rìí tí yóò fọwọ́ sí i kí ọdún tó parí, ọmọ náà yóò pa iṣẹ́ náà tì, yóò sì fẹ́ dókítà eyín tí ń yọ́jú sí wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Dókítà eyín kò fẹ́ ọmọńlé nínú ilé rẹ̀.

Obìnrin náà ní kí onígíláàsì kan àpótí gíláàsì kan fún òun, kí òun lè máa ṣọ́ ọmọńlé níbi tí kò ti lè sá lọ. Iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n lónìí igun kan kò gún, lọ́la ìdérí fún jù. Àǹtí, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí ó máa ń jókòó tì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà nítorí ẹnu ayé, kò lè pa á mọ́ra.

"Onígíláàsì, ṣé àpótí lẹ ń kàn ni, àbí ààfin?"

"Ọmọńlé náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbádùn, mà."

"Ọmọńlé nìkan kọ́."

Nígbà tí àpótí yóò fi parí, kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tí kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn èkejì. Obìnrin náà ní kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí òun. Onígíláàsì gbà tayọ̀tayọ̀.

Ní oṣù kẹwàá, ọmọńlé bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ara ẹni tí kò pa ìpara. Àmì nìyẹn. Obìnrin náà àti onígíláàsì jókòó tì í ní ọ̀sán. Àǹtí ń tòògbé lẹ́nu ọ̀nà. Lójijì obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó sì yíjú sí onígíláàsì.

"Ẹ rí i?"

Onígíláàsì ń fi ìka nu etí àpótí.

"Ẹ rí i, àbí?"

"Mi ò rí i."

"Báwo? Iwájú yín ló ti ṣẹlẹ̀!"

"Ojú yín ni mò ń wò."

Obìnrin náà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo rí i. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ bi mí nípa ojú yín, màá jẹ́rìí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ìwé yín, òótọ́ ló kún inú ẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ sí i, èmi ni màá jẹ́ irọ́ inú ẹ̀."

"Ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ sí i?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ni mo máa pàdánù yín."

"Ẹ máa lọ," ni obìnrin náà wí. Onígíláàsì lọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, dókítà eyín, tí ẹnikẹ́ni kò sọ àdéhùn náà fún, fa gègé ìkọ̀wé yọ. "Ẹ gbé ìwé yẹn wá kí n fọwọ́ sí i. Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọńlé?"

"Ṣé ẹ rí i?" ni bàbá béèrè láti orí àga rẹ̀.

"Rárá, sà. Mo kàn gbà á gbọ́ ni."

Obìnrin náà na ìwé náà sí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó fà á padà. "Ẹ ṣeun. Mi ò lè fi irọ́ parí ẹ̀."

Inú bí dókítà eyín, ó lọ. Bàbá kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Onígíláàsì yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí kò fọwọ́ sí i?"

"Ó ní òun ò rí i," ni àǹtí dáhùn, ẹni tí etí rẹ̀ kì í tòògbé. "Ó ní ojú ọmọ yín lòun ń wò."

"Gbogbo ọdún tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ nílé ẹjọ́, ẹni tó sọ pé òun ò rí i nígbà tí irọ́ ì bá ṣe é láǹfààní kò wọ́pọ̀. Ẹ pè é padà. Àdéhùn wa ṣì dúró o. Ọdún ò tíì parí."

Onígíláàsì padà wá, ṣùgbọ́n ọmọńlé kọ̀, kò funfun. Oṣù kọkànlá lọ. Obìnrin náà kì í jẹun dáadáa mọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni ó ń sáré lọ síbi àpótí, tí ẹ̀rù ń bà á pé òun yóò bá òkú níbẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ọdún parí kí ara ọmọńlé tó tún funfun.

Obìnrin náà gbé àga onígíláàsì síwájú àpótí. "Ẹ kọjú sí ọmọńlé. Ẹ kẹ̀yìn sí mi."

Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ilé ẹjọ́ ni wọ́n wà. "Kí lo rí?"

"Awọ ti là níbi imú, sà."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ó ń fi ẹnu fa ti ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ti bọ́. Ó ń gbé e mì, sà!"

"Kí ni ọmọ mi ń ṣe?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo kẹ̀yìn sí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Onígíláàsì fọwọ́ sí ìwé.

"Ṣé mo lè yíjú báyìí?"

"Yíjú, olólùfẹ́ mi."

Ó yíjú. "Ìyá Ọmọńlé, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Wò mí dáadáa kó o tó sọ̀rọ̀. Kí lo rí?"

Ó wò ó pẹ́. "Mo rí ẹni tó ti gbà."

"Òótọ́ lo rí."

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ nìwọ̀nyí: bàbá, tí kò ríran tó, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, àǹtí, tí kò tòògbé lọ́jọ́ yìí, onígíláàsì, obìnrin tí ó kọ ìwé náà, àti ọmọńlé inú àpótí, tí ó ṣì ń lá ẹnu. Dókítà eyín kò sí níbẹ̀.