Ìbúwọ́lù Ìyá Akọ̀wé

"Màmá, ẹ yáwó níbì kan, ẹ ò sì dá a padà," ni òṣìṣẹ́ báńkì wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Àkọsílẹ̀ ìgbèsè yín ò dára. Bó ṣe wà yìí, a ò lè yá yín lówó ilé."

"Èmi kẹ̀? Owó ta ni mo jẹ?"

Aránṣọ ni Ìyá. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Onílé wọn fẹ́ ta yàrá méjì tí wọ́n ń gbé, ó sì ní bí Ìyá bá lè rí owó báńkì gbà kí oṣù tó parí, òun ò ní tà á fún ẹlòmíràn.

Ọmọbìnrin Ìyá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó tì í. Akọ̀wé ni Ìyá máa ń pè é, nítorí Ìyá ò mọ̀wé kà, òun ló sì ń ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù fún un. Òun gan-an ló yá owó ọ̀hún. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń wọ bàtà funfun olówó ńlá kan, wọ́n sì ń fi tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ló bá fi orúkọ Ìyá yáwó lórí fóònù Ìyá. Bàtà ọ̀hún kò pé oṣù mẹ́ta tó fi la ẹnu! Gbogbo ìgbà tí àwọn tó yá a lówó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, á pa á rẹ́ kíá.

"Ẹ bi Akọ̀wé mi wò," ni Ìyá wí. "Ọmọ yìí kì í purọ́. Ṣé a rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè kankan gbà rí?"

Akọ̀wé mi orí. "Rárá, Mà."

Òṣìṣẹ́ náà fa ìwé kan yọ. "Ó dáa. Ẹ tọwọ́ bọ ìwé ìbúra yìí pé ẹ ò yáwó rí. A máa wádìí ẹ̀. Tó bá jẹ́ irọ́, ó di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa mú."

"Kí ló kàn mí kan ọlọ́pàá? Ẹ mú bírò wá jàre."

Orúkọ rẹ̀ nìkan ni Ìyá mọ̀ ọ́n kọ. Ó tẹrí ba sórí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ba Akọ̀wé. Ó ń rí Ìyá bíi pé Ìyá ti wà ní àtìmọ́lé. Ó di ọwọ́ Ìyá mú.

"Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́, Mà. Èmi ni mo yá a."

Bírò jábọ́ lọ́wọ́ Ìyá.

"Ẹ san án tán, kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún kan," ni òṣìṣẹ́ náà wí. "Orúkọ tó ti bà jẹ́ kì í dáa lọ́jọ́ kan."

Onílé ò lè dúró de ọdún kan. Ó ta ilé náà. Wọ́n kó sí yàrá kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ìránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí bẹ́ẹ̀dì. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, Akọ̀wé ń gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ àwọn oníbàárà Ìyá títí gbèsè fi tán. Ìyá ò nà án, kò bú u, ìyẹn gan-an ló ń já a láyà jù. Ó ti wá yé e: bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ẹni tó sì fọkàn tán wa ni irọ́ wa máa ń kọ́kọ́ pa lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Ìyá gbé ìwé òfìfo kan lé Akọ̀wé lọ́wọ́.

"Jókòó. Kọ́ mi ní ìwé kíkà. Láti òní lọ, èmi fúnra mi ni n ó máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi."