Tanwíjí Kì Í Lẹ́sẹ̀

Inú omi ni wolé-wolé ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin aránṣọ náà. Ó ká yẹ̀rì rẹ̀ dé orúnkún, ewé omi kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń bá ẹja kan wí bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí pé kó yéé ta mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè tó rí ọkùnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba lẹ́nu géètì, tí àwọn aládùúgbò tò sẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló fa gbogbo ọ̀ràn.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹja lẹ wá mú ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀fọn ni mo wá mú," ni ọkùnrin náà fèsì, ó mọ̀ọ́mọ̀ mú ohùn rẹ̀ le.

Àwọn aládùúgbò ló lọ fẹjọ́ sùn. Ibà ń da àwọn ọmọ wọn láàmú, wọ́n sì ní adágún ẹja tó wà nínú ọgbà aránṣọ yìí ló ń bí ẹ̀fọn fún wọn. Ìyá aránṣọ ló gbẹ́ adágún ọ̀hún kó tó kú; ọmọbìnrin náà àti bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà. Wolé-wolé fi ìgò bu omi níbẹ̀, ó rí àwọn ohun tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì. Ká ní ó wò wọ́n dáadáa ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí nínú ìgò. Ara aránṣọ ló wà, ó sì fẹ́ kí ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ọkùnrin tó mọṣẹ́ ni òun.

"Tanwíjí ni," ló wí. "Ọmọ ẹ̀fọn ni gbogbo wọn. Ẹ gbọ́n omi yìí dànù."

Wọ́n gbọ́n ọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kó àwọn ẹja sínú ike ńlá, ó sì tó ìdajì wọn tó kú kílẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ́fíìsì, ó gbé ìgò náà sójú fèrèsé, ara rẹ̀ sì tutù. Ohun tó wà nínú omi lẹ́sẹ̀: mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Tanwíjí kì í lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wọn pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ lámilámi ni, tó jẹ́ pé tanwíjí gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó ń bá àdúgbò jẹ ẹ̀fọn run ló ní kí wọ́n dà nù.

Ojú tì í débi pé ó fi aṣọ bo ìgò náà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ló ń wí lọ́kàn. Ó pinnu pé òun á lọ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀hún, ó ní òun wá wò ó bóyá ilẹ̀ adágún ti gbẹ ni.

Ilẹ̀ gbígbẹ yìí ló ń wò títí ọ̀rọ̀ fi di ìfẹ́.

"Ilẹ̀ yìí ò tíì gbẹ síbẹ̀?" ni aránṣọ máa ń bi í, á tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ètè, á máa rẹ́rìn-ín.

"Ó kù díẹ̀, àyànfẹ́ mi. Ó lágídí bí ẹni tó ni ín."

Bàbá rẹ̀ náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wolé-wolé pé ó gba àdúgbò lọ́wọ́ ibà. Ọpẹ́ yẹn ló ń gún un jù. Lójú títì, Ìyá Tanwíjí ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Àwọn oníbàárà ò gbé aṣọ wá mọ́, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló sì ń gbà lọ ra búrẹ́dì. Wolé-wolé fi etí ara rẹ̀ gbọ́ orúkọ náà, ó sorí kọ́, ó kọjá bí olè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Aránṣọ ń tú òwú tó lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ìyá Tanwíjí lo fẹ́ mú lọ han àwọn ẹbí rẹ? Ojú ń tì mí nítorí tìẹ. Kí lo máa wí fún wọn?"

Òun ni ojú ń tì nítorí ẹni tó bà á lórúkọ jẹ́. Wolé-wolé ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Kì í ṣe tanwíjí," ló wí. "Ọmọ lámilámi ni. Èmi ni mi ò wò ó dáadáa. Mi ò wo nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn bí kò ṣe ìwọ."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì."

Aránṣọ gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. "O mọ̀ lọ́jọ́ kejì, o wá ń jókòó síbí, o ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí."

"Ojú ló ń tì mí."

"Èmi lojú tì ní gbangba. Ìwọ fi tìẹ pamọ́ sápò. Máa lọ."

Ó lọ, ṣùgbọ́n kò gba ilé lọ. Ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́ lójú títì náà ló lọ kàn, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í ni. Ẹ̀fọn yín ò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Èmi ni mo ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́." Àwọn kan fi í ṣẹlẹ́yà. Ẹnì kan bi í pé kí ni wolé-wolé tí kò ríran ń wò kiri. Ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò fo ojúlé kankan. Nígbà tó fi dé ilé aránṣọ, ohùn rẹ̀ ti ha.

Bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó tẹ́tí sí i títí tó fi jẹ́wọ́ tán.

"Ìyàwó mi ló gbẹ́ adágún yẹn," ni bàbá wí. "O jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi gbọ́n ọn dànù, o tún jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ̀yin gan-an ni mo ṣẹ̀ jù, bàbá."

"Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ èmi kọ́ lo fẹ́ fẹ́." Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Aránṣọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Wolé-wolé wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé, ó wo òrùlé. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ìwọ lo máa pọn omi padà sínú adágún màmá mi," ló wí, "ìwọ nìkan, títí á fi kún."

"Màá pọn ún."

Aránṣọ ń wò ó bó ṣe ń wojú òrùlé kiri, ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"O ti wo ilé wa tó," ló wí. "Wọlé, ọkọ mi."