Ẹni Tí Yóò Bá Nicolasa Rìn Lọ Sódò

Àárín ọ̀nà ni Nicolasa jókòó sí nígbà tí Delmer kọ́kọ́ rí i. Ó ń yọ hóró àgbàdo sínú agbọ̀n, bí ẹni pé ọkọ̀ yanrìn tó dúró níwájú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Wọ́n ń dúró de yanrìn yìí níbi tí wọ́n ti fẹ́ sé odò."

"Odò yìí ò ṣeé sé. Ṣé o ti jẹun?"

Delmer pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọ̀gá rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ sé odò ti ń fi ikú halẹ̀ mọ́ Nicolasa nígbà náà, nítorí pé kò gbà fún wọn. Abúlé wá pinnu pé kò gbọdọ̀ dá rìn mọ́: ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ tó ń yọ ẹnì kan láti bá a lọ sódò. Ẹ̀yìn òkè ni Delmer ti wá, kò nílé níbẹ̀, nítorí náà kò lọ́jọ́. Òkèèrè ló ti ń tẹ̀ lé e, títí àwọn obìnrin abúlé tó ń bá Nicolasa lọ fi yọ àdá yí Delmer ká.

"Ta ló rán ẹ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Nicolasa wí, ẹ̀rín ń pa á. "Awakọ̀ tí ò ní mọ́tò ni."

Ìyá Delmer gbọ́, ó figbe ta. "Obìnrin tí ikú ń dọdẹ ẹ̀ lo rí fẹ́?"

"Ikú kọ́, Ìyá. Èèyàn ni wọ́n, wọ́n sì lórúkọ."

Ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n yìnbọn wọ ojú fèrèsé Nicolasa. Ọta kò bà á, ṣùgbọ́n abúlé gbé e lọ fara pa mọ́ sí ìlú ńlá. Gbogbo àsìkò òjò ni àárò rẹ̀ fi sọ Delmer. Á máa rin ọ̀nà odò náà láràárọ̀, á sì fi àyè sílẹ̀ níwájú fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Èso kọfí ti ń pọ́n lóko kí Nicolasa tó padà dé. Abúlé jókòó láti tún ọjọ́ pín, Delmer sì nawọ́.

"Ilé-ilé la fi ń pín in, ọmọ mi," ni Don Tano, àgbà wọn, wí. "Ilé wo ni tìẹ?"

Delmer sorí kọ́.

"Ẹ kà á mọ́ ilé tèmi," ni Nicolasa dáhùn látẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Àmọ́ kò gbọdọ̀ rìn lẹ́yìn mi mọ́ o. Ẹ̀gbẹ́ mi ni kó máa rìn."

Delmer gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Delmer, tó bá a wá síbi ìpàdé náà, tó sì ti ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀, nu ojú, ó sì ní kí wọ́n fún òun náà lọ́jọ́ kan.