Ìjánu Tí Ìyá Bọ́ Fún Ọmọ

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní apínjàánu kò tóbi rárá. Fìlà irin méjì ni, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i lè rò pé ohun ìṣeré ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni méjì ni yóò dé e. Yóò wá agbára ìkóra-ẹni-níjàánu tó wà nínú ọpọlọ ẹni kìíní, yóò gbé e sínú ọpọlọ ẹni kejì. Ohun tó bá sì ti kúrò lára ẹni kìíní ti kúrò nìyẹn.

Ọ̀mọ̀wé Fọlárìn ló ṣe é, ní Òkè Òṣùpá, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá lábẹ́ òrùlé dígí, nítorí yìnyín tí wọ́n ń wà níbẹ̀. Ìlú náà dára, àmọ́ àárò ilé a máa sọ ènìyàn níbẹ̀ débi pé kò ní lè sùn. Torí àárò yìí ni àwọn oníṣègùn fi ṣe hóró oògùn kan tí wọ́n ń pè ní fúyẹ́. O fi í sábẹ́ ahọ́n, ọkàn rẹ á fúyẹ́, o ó sì lè ṣiṣẹ́. Oògùn tó yẹ kó gba àwọn ènìyàn là ló wá ń jẹ wọ́n run.

Ó jẹ Oyèwùmí, àkọ́bí obìnrin aránṣọ kan, ó sì pa á. Bàbá Láníhun, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, ló ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ tó gbé òkú jáde lọ sin sínú eruku òṣùpá. Ìyá kò tẹ̀ lé wọn, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ láàárín wa, bó ti wù ká jìnnà sílé tó. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Oyèwùmí mọ́. Ìyá Dúró ni wọ́n ń pè é, torí Dúródọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un.

Dúró náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fúyẹ́.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú láti jáwọ́. Ó bú ara rẹ̀, ó búra, ó da hóró tó kù sínú omi ìdọ̀tí, ó sì tún fọwọ́ wá a jáde. Àwọn tí kò tọ́ ọ wò rí ló ń sọ pé ṣebí kó kàn fi í sílẹ̀ ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà tó dákú lẹ́ẹ̀kejì, ìyá rẹ̀ mú un lọ bá Ọ̀mọ̀wé Fọlárìn.

"Ẹ yọ tèmi fún un," ni ó wí. "Tèmi pọ̀."

Ọ̀mọ̀wé bi í pé kí ni àwọn ohun tó ti fi ìkóra-ẹni-níjàánu yẹra fún láyé rẹ̀. Ó ní iyọ̀. Ó ní ẹran. Ó ní èsì ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òun fún ọkọ òun kó tó kú. Ó ní ó tán.

Bàbá Láníhun, tó tẹ̀ lé wọn wá, dìde lórí ìjókòó. "Kò tán. Fọlárìn, má ṣe é."

"Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi, Bàbá."

Bàbá wo àbúrò rẹ̀, ó gbójú kúrò. Ta ni yóò dárúkọ oórì ọmọ lójú ìyá ọmọ? "Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ níbí. Nǹkan kan wà tí obìnrin yìí fi eyín dì mú. Tí o bá já a, a ò ní rí i so mọ́."

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ yín ń kú lọ. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ wo àìsàn."

"Ìwé lo mọ̀, o ò mọ ènìyàn!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó ṣe é," ni obìnrin náà wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ìjánu ṣe bí mi ò bá lọ́mọ?" Ó gba fìlà lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dé e.

Ìwòsàn náà jẹ́. Dúró jí, wọ́n gbé hóró fúyẹ́ síwájú rẹ̀, ó wò ó bí ẹni ń wo òkúta. Ó sọ pé rárá, rárá náà sì dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Lákọ̀ọ́kọ́, ó pa gbogbo àdúgbò lẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ wá ń sọ fún olórí ìlú lójú gbogbo ayé pé kó lọ fọ ẹnu rẹ̀. Ó ń bu iyọ̀ lá bí ewúrẹ́. Wọ́n ní Ìyá Dúró ti padà di ọmọge. Àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí fèrèsé tó kọjú sí àwọn oórì, fèrèsé tí kì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kí i ní Ìyá Dúró, kò ní dá a lóhùn.

"Ìyá Oyèwùmí ni mò ń jẹ́," ni yóò wí. "Èwo ni ti ọmọ mi nínú wọn?"

Ó bi Bàbá Láníhun lójú ọ̀nà, ó di aṣọ rẹ̀ mú. Bàbá já aṣọ gbà, ó ń sunkún lọ. Ìgbà yẹn ni ohun tí Bàbá kò lè sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Dúró. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí àwọn padà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀mọ̀wé, kó gba ohun tirẹ̀.

"Kí n gbà á, kí ìwọ náà lọ sùn sí ìta yẹn? Láéláé. Méjì ni mo bí, Dúró."

Ó yẹ kó gbé e lọ tipátipá. Ṣùgbọ́n Dúró rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní ó dára kí ara òun kọ́kọ́ mọ́ tónítóní, kí àwọn tó máa dá ohunkóhun padà. Ìmọ̀ràn ọlọgbọ́n ni. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí lórí rẹ̀.

Ìloro kan wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú, yàrá kékeré tó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan sí inú, ọ̀kan sí ìta níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á wọ ẹ̀wù èémí, á bọ́ sínú ìloro, ti inú á pa dé kí ti ìta tó ṣí. Ilẹ̀kùn náà kì í bi ènìyàn léèrè. Àgbàlagbà tó ní làákàyè ni wọ́n ṣe é fún.

Oòrùn ń ràn yòò lórí eruku nígbà tí Dúró rí ìyá rẹ̀ nínú ìloro, ìró àti bùbá lásán ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn inú ń pa dé lọ díẹ̀díẹ̀. Àyè ṣì wà tí ènìyàn lè gbà wọlé.

"Ìyá mi!"

Ó yíjú sí i. Ojú rẹ̀ ń dán. "Mo ti rí i, Dúró. Èyí tó wà lẹ́bàá òkúta funfun yẹn ni. Ọkàn mi sọ fún mi."

Dúró àtijọ́, aláìgbọ́n tí kì í lè pa ara rẹ̀ mọ́, ì bá ti fò wọlé láìronú, ì bá ti gbá a mọ́ra, kó sì wọ́ ọ jáde. Ṣùgbọ́n Dúró yìí ronú. Ó rò ó pé bí ilẹ̀kùn bá pa dé mọ́ àwọn méjèèjì láìsí ẹ̀wù, òkú méjì ni. Ó nawọ́ sí ẹ̀wù tó wà lára ògiri. Ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó ti òsì. Ó de gbogbo ìdè rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó gbójú sókè, ilẹ̀kùn inú ti pa dé, ti ìta sì ti ṣí.

Ìyá rẹ̀ kò rìn jìnnà kó tó ṣubú. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, síbi òkúta funfun náà. Oórì Oyèwùmí kò sì sí níbẹ̀. Òdìkejì ni wọ́n sin ín sí.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oyèwùmí, Dúró sì tẹ̀ lé wọn, torí ọmọ ló ń sin ìyá. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Ọ̀mọ̀wé Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Láníhun.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò lára mi," Dúró sọ fún un.

"Fún ta?" ni Ọ̀mọ̀wé dáhùn lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀rọ náà kì í dà á nù. Ó gbọ́dọ̀ rẹ́ni gbà á."

Bàbá Láníhun fa Dúró mọ́ra. Omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀. "Sunkún, ọmọ mi. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ ni."

Dúró la ẹnu. Ó fẹ́ ẹkún náà ju bó ti fẹ́ fúyẹ́ rí lọ. Ẹkún náà gòkè dé ọ̀fun rẹ̀, agbára tí ìyá rẹ̀ fi gbé ẹkún Oyèwùmí mì láti ọdún yìí wá sì dì í mú níbẹ̀, kò jẹ́ kó jáde.